Àwa dókítà tuntun fẹ́ máa jókòó pọ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀: báwo la ṣe lè ṣe é tí kò fi ní di ilé òfófó?

Ọmọ Ọlálọmí (Ọjọ́ Àìkú, 9:14 alẹ́)

Ẹ kú alẹ́ o, ẹ̀yin ènìyàn mi. Ọmọ Ọ̀fà ni mí, ṣùgbọ́n òde ìpínlẹ̀ Kwara ni mo ti kàwé, ìdí nìyẹn tí Ìlọrin fi dà bí ìlú àjèjì lójú mi nígbà tí mo dé síbí ní ọ̀sẹ̀ márùn-ún sẹ́yìn láti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ house officer (dókítà tuntun tó ń fi ọdún kan kọ́ṣẹ́ lábẹ́ àwọn ọ̀gá) ní ilé ìwòsàn kan. Àwa mẹ́sàn-án la jọ wọlé lọ́sẹ̀ kan náà. Wọ́n pín wa káàkiri ẹ̀ka mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tí gbogbo house officer gbọ́dọ̀ yípo, oṣù mẹ́ta-mẹ́ta, kí ọdún tó pé. Ẹ̀ka ìtọ́jú ọmọdé ni wọ́n kọ́kọ́ gbé èmi sí.

Ní alẹ́ Ọjọ́rú tó kọjá, ọmọ kan kú mọ́ mi lọ́wọ́. Ọmọ ọdún méjì ni, ibà ti jẹ ẹ̀jẹ̀ ara rẹ̀ tán kí wọ́n tó gbé e dé. Mo fa ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ fún àyẹ̀wò, mo sáré lọ sí ibi tí wọ́n ti ń gba ẹ̀jẹ̀, wọ́n dá mi padà, mo tún sáré lọ lẹ́ẹ̀kejì. Ẹ̀jẹ̀ tí a fún un ti ń kán nígbà tí mímí rẹ̀ dá. Ọ̀gá tó wà lẹ́nu iṣẹ́ pẹ̀lú mi sọ pé kò sí ohun tí mo lè ṣe ju èyí tí mo ṣe lọ, ó sì kọjá sọ́dọ̀ àwọn mẹ́ta mìíràn tó ń dúró. Ọwọ́ mi ń gbọ̀n bí mo ṣe ń kọ ìwé ẹ̀rí ikú náà. Ní aago márùn-ún àárọ̀ mo bá ọ̀kan nínú àwọn ẹgbẹ́ mi lórí àtẹ̀gùn, ó di ike omi mú, kò ṣí i, kò mu ún. Mo jókòó tì í. Ó tó ogún ìṣẹ́jú kí ó tó sọ fún mi pé láti ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn lòun ti máa ń jókòó síbẹ̀ kí òun tó lè lọ sílé.

Èrò mi ni pé kí àwa mẹ́sẹ̀ẹ̀sán máa pàdé lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀, kí a máa sọ ohun tí ojú wa ń rí, kí ẹni tó bá sì ti mọ ọ̀nà nǹkan kan fi han ẹni tí kò mọ̀ ọ́n. Mo sọ ọ́ fún ọ̀gá kan, ó rẹ́rìn-ín, ó ní, “Nígbà tiwa, ta ló jókòó tì wá?” Ṣé ó yẹ kí àwọn ọ̀gá wà níbẹ̀? Kí la máa ṣe kí ọ̀rọ̀ má baà jáde? Ṣé orí WhatsApp ló dára ni, àbí ojúkojú? Ẹ̀yin tí ẹ ti la irú ọdún yìí kọjá, ẹ jọ̀wọ́, ẹ dá mi lóhùn.

Baba Ìbejì Tánkẹ̀ (Ọjọ́ Àìkú, 9:52 alẹ́)

Ẹ kú àmúmọ́ra, Ọmọ Ọlálọmí, Ọlọ́run yóò tu àwọn òbí ọmọ náà nínú. Registrar ni mí, dókítà tó ń kọ́ṣẹ́ láti di ọ̀gá, ní ẹ̀ka iṣẹ́ abẹ, ọdún house officer mi kò sì tíì pẹ́ tó ohun tí mo lè gbàgbé. Bí ẹ bá tẹ́tí sí ọ̀rọ̀ ọ̀gá yín dáadáa, ẹjọ́ ara rẹ̀ ló ń rò.

Ohun tó mú yín jókòó sórí àtẹ̀gùn yẹn ti ní orúkọ lágbo àwọn oníṣègùn. Lọ́dún 2000 ni dókítà ará Amẹ́ríkà kan, Albert Wu, kọ ọ́ sínú BMJ, ìwé ìròyìn àwọn oníṣègùn, pé bí ìtọ́jú bá ṣìṣe, aláìsàn àti ẹbí rẹ̀ ni ọ̀ràn náà kọ́kọ́ bá, ṣùgbọ́n dókítà tí ó ṣẹlẹ̀ sí lọ́wọ́ ni ẹnì kejì tó gbọgbẹ́, kì í sì í sí ẹni tó ń béèrè rẹ̀. N kò sọ pé ẹ ṣe àṣìṣe. Ọgbẹ́ náà kì í dúró béèrè bóyá àṣìṣe wà níbẹ̀ kí ó tó dunni.

Ẹ ṣe ìpàdé náà, ṣùgbọ́n house officer nìkan ni kí ó wà níbẹ̀. Ẹni tó máa buwọ́ lu ìwé yín ní ìparí oṣù mẹ́ta kò gbọ́dọ̀ jókòó síbi tí ẹ ti ń sọ pé ẹ kò tíì mọ bí a ṣe ń wá iṣan lára ọmọ tí omi ara rẹ̀ ti gbẹ. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ó ju ìṣẹ́jú márùndínláàádọ́ta lọ, nítorí ẹni tó ṣiṣẹ́ mọ́jú kò lè jókòó ju bẹ́ẹ̀ lọ láìsùn lọ. Bí ọ̀rọ̀ ṣe máa wà ní àṣírí kò le: ohun tí a bá sọ nípa ara wa kò gbọdọ̀ jáde, ohun tí a bá rí kọ́ nípa iṣẹ́ lè jáde. Ààlà kan ṣoṣo ni àṣírí yẹn ní. Bí ẹnikẹ́ni nínú yín bá sọ pé ayé ti sú òun, tàbí pé òun kò fẹ́ jí mọ́, ẹ kò gbọdọ̀ fi ìyẹn pamọ́. Ẹ tẹ̀ lé e lọ sí ẹ̀ka ìtọ́jú ọpọlọ lọ́jọ́ náà gan-an, kí ẹnì kan sì sùn tì í lóru ọjọ́ náà.

Òótọ́ Korò (Ọjọ́ Àìkú, 10:20 alẹ́)

N óò sọ tèmi, bí ó bá korò kí ẹ má bínú. Oorun ni dókítà tuntun nílò. Lọ́dún 1984, ọmọbìnrin ọmọ ọdún 18 kan, Libby Zion, kú sí ilé ìwòsàn kan nílùú New York, àwọn dókítà tó ń kọ́ṣẹ́, tí iṣẹ́ ti wọ̀ lọ́rùn, ló ń tọ́jú rẹ̀ lóru ọjọ́ náà. Baba rẹ̀ kò gbà, ó jà títí ìpínlẹ̀ New York fi pa á láṣẹ ní 1989 pé irú àwọn dókítà bẹ́ẹ̀ kò gbọdọ̀ ṣiṣẹ́ ju wákàtí 80 lọ lọ́sẹ̀. Kí Ọmọ Ọlálọmí ka wákàtí tirẹ̀ lọ́sẹ̀ tó kọjá, kó sì sọ fún wa.

Ẹni tó ṣe kọ́ọ̀lù (iṣẹ́ àṣemọ́jú) láti àárọ̀ Ọjọ́ Ẹtì di àárọ̀ Ọjọ́ Ajé, tí ẹ wá ní kó wá jókòó kó sọ̀rọ̀, kí ni ẹ rò pé ó máa sọ? Yóò kàn sọ fún yín bó ṣe rẹ òun tó ni. Owó oṣù àkọ́kọ́ náà kì í tètè dé ọwọ́ ọ̀pọ̀ dókítà tuntun, ìwé ni wọ́n máa ń tò. Ẹ gbé ọ̀ràn wákàtí àti owó lọ bá ARD, ẹgbẹ́ àwọn dókítà tó ń kọ́ṣẹ́, ní ilé ìwòsàn yín, kí ẹ sì lọ sùn.

Màmá Nọ́ọ̀sì (Ọjọ́ Ajé, 6:05 àárọ̀)

Ẹ kú àárọ̀ gbogbo ilé. Ọdún 34 ni mo fi ṣe iṣẹ́ nọ́ọ̀sì kí n tó fẹ̀yìn tì, wọ́ọ̀dù àwọn ọmọdé ni mo sì ti lo èyí tó pọ̀ jù níbẹ̀. Ọmọ mi, mo bá ọ dárò. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin dókítà máa ń rò pé dókítà nìkan ló lè ran dókítà lọ́wọ́. Ta ló dúró tì ọ́ nígbà tí ọmọ yẹn ń lọ? Ta ló tú kánúlà, ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ inú iṣan, kúrò lọ́wọ́ rẹ̀, tó nu ún, tó dì í kí ìyá rẹ̀ tó wọlé? Òun náà lọ sílé láàárọ̀ ọjọ́ náà, òun náà ní ọmọ nílé.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ìtàn kan. Dókítà tuntun kan wá bá wa ní àsìkò ọyẹ́, ó gún ọmọ jòjòló kan lẹ́ẹ̀mẹ́fà kò rí iṣan, ìyá ọmọ ń sunkún, dókítà fúnra rẹ̀ ń làágùn nínú òtútù. Mo ní kó dúró ná. Mo bu omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ sínú ìbọ̀wọ́ rọ́bà, mo kọ́kọ́ fi kan ara ọwọ́ tèmi kí n mọ̀ pé kò gbóná jù, mo so ó lẹ́nu bíi fèrè ọmọdé, mo gbé e lé ẹ̀yìn ọwọ́ ọmọ náà fún ìṣẹ́jú díẹ̀. Iṣan yọ, tẹ́ẹ́rẹ́, bí òwú aláwọ̀ ewé. Mo ní, “Ó yá, gún un níbí.” Ó wọlé lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Lẹ́yìn oṣù kan ni mo rí i tó ń kọ́ dókítà mìíràn, tó ń so ìbọ̀wọ́ lẹ́nu. Kò sí ẹni tó pè é ní ìpàdé.

Nítorí náà ẹ pe nọ́ọ̀sì mọ́ra. Kí ẹ sì jẹun kí ẹ tó sọ̀rọ̀. Ọmọ tí kò tíì jẹun láti àná, ẹkún ló máa sun, kò ní lè rojọ́ kankan.

Baba Ìbejì Tánkẹ̀ (Ọjọ́ Ajé, 7:31 àárọ̀)

Màmá, ẹ kú àárọ̀. Omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ yẹn ti yọ èmi náà nínú ìṣòro rí. Síbẹ̀ ẹ jọ̀wọ́, ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ yìí kọ́kọ́ jókòó láwọn nìkan. Ẹ̀rù nọ́ọ̀sì àgbà máa ń ba dókítà tuntun ju ẹ̀rù consultant, ọ̀gá dókítà pátápátá, lọ, ẹ̀yin náà mọ̀ bẹ́ẹ̀. Wọ́n lè pe àwọn nọ́ọ̀sì lẹ́ẹ̀kan lóṣù, nígbà tí ẹsẹ̀ wọn bá ti rinlẹ̀.

Ọmọ Pàkátà (Ọjọ́ Ajé, 8:47 àárọ̀)

Ọdún tó kọjá ni mo parí tèmi, Ìlọrin ni wọ́n sì ti bí mi, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n sọ ohun méjì tí àwọn ará òde kì í tètè mọ̀.

Àkọ́kọ́ ni ti òkú. Bí Mùsùlùmí bá kú kí ilẹ̀ tó mọ́ níhìn-ín, ẹbí rẹ̀ á fẹ́ kó ti wọ ilẹ̀ kí ìrun Àìlà tó kọjá. Wọn yóò dúró níwájú rẹ, baba àgbà kan pẹ̀lú tẹ̀sùbáà lọ́wọ́, Alfa kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ìwé ẹ̀rí ikú ni wọ́n ń béèrè, wọn kò sì ní kúrò níbẹ̀. Kì í ṣe pé wọ́n ń bá ọ jà. Nínú àwa mẹ́fà tí a jọ ṣe é, ẹni tó ti kọ́kọ́ bá a pàdé ló kọ́ àwa yòókù pé bí o bá ti yẹ ara wò tó o sì ti rí i dájú, ìwé yẹn ni kó o kọ́kọ́ kọ kó o tó ṣe ohunkóhun mìíràn, kó o sì sọ aago tí wọn yóò gba òkú wọn fún wọn, kí wọ́n lè ránṣẹ́ sí àwọn tó ń gbẹ́lẹ̀. Òun náà ló kọ́ wa bí a ṣe ń túfọ̀. Ó ti sọ fún ìyá kan rí pé ọmọ rẹ̀ “ti sùn”, obìnrin náà sì bi í pé ìgbà wo ló máa jí. Láti ọjọ́ náà, “ó ti ṣaláìsí” la máa ń sọ, a ó sì dákẹ́.

Ìkejì ni ti èdè. Aláìsàn ń bọ̀ láti Pátígi àti Láfíàgí tó jẹ́ pé Nupe nìkan ni wọ́n gbọ́, wọ́n ń bọ̀ láti Bàrùtẹ́n pẹ̀lú èdè Bàtọ̀nú, àwọn Fúlàní sì ń bọ̀ láti inú gáà. A ra ìwé àjákọ kan, a kọ ìbéèrè mẹ́wàá sínú rẹ̀ ní èdè mẹ́ta: níbo ló ń dùn yín, láti ìgbà wo, ṣé ẹ bì, ṣé ẹ ti lo oògùn kankan. Ọ̀kan nínú wa jẹ́ Nupe. Ti Bàtọ̀nú, ọkùnrin kan tó ń ṣọ́ ẹnu géètì ló pè é fún wa tí a fi kọ ọ́. Ìwé yẹn ṣì wà ní wọ́ọ̀dù nígbà tí mo kúrò. Mo ń sọ èyí kí ìpàdé yín má baà di ìpàdé ìbánújẹ́ nìkan.

Ọmọ Ìgbómìnà Lókè Òkun (Ọjọ́ Ajé, 11:18 alẹ́)

Mo kí gbogbo yín láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. N kò fara mọ́ Baba Ìbejì pé kí àwọn ọ̀gá má wá rárá. Níbi tí mo ti ń ṣiṣẹ́, a ní ìjókòó kan tí wọ́n fi orúkọ Kenneth Schwartz pè, agbẹjọ́rò ará Boston tí àrùn jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró pa ní 1995. Kí ó tó kú, ó rí i pé ìwà pẹ̀lẹ́ àwọn tó ń tọ́jú òun mú ara tu òun, ó sì fi owó sílẹ̀ kí irú ìwà bẹ́ẹ̀ má baà parun. Gbogbo ẹni tó ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìwòsàn ló lè wọlé síbẹ̀, láti orí consultant dórí ẹni tó ń ti ibùsùn. A kì í yanjú ìṣòro níbẹ̀, ohun tí iṣẹ́ náà ṣe sí ọkàn ẹni nìkan la máa ń sọ. Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ lọ, consultant kan tí gbogbo wa ń sá fún sọ nípa aláìsàn kan tó kú mọ́ òun lọ́wọ́ nígbà tí òun jẹ́ dókítà kékeré, ohùn rẹ̀ sì fọ́. Láti ọjọ́ náà, mo lè pè é lóru.

Ṣùgbọ́n ẹ má gbé e wálé lódindi. Níhìn-ín, ẹni tí wọ́n kọ́ ló ń darí rẹ̀, àkókò iṣẹ́ sì ni wọ́n yọ fún un. Èyí tí ẹ lè mú láìnáwó ni pé kí ẹ so dókítà tuntun kọ̀ọ̀kan mọ́ ẹnì kan tó ti ṣe oṣù mẹ́fà. Níhìn-ín, wọ́n tilẹ̀ máa ń ní kí dókítà tuntun fi ọjọ́ mélòó kan tẹ̀ lé ẹni tó fẹ́ kúrò nínú iṣẹ́ náà kó tó di pé wọ́n fà á lé e lọ́wọ́. Ẹni tó ti ṣe oṣù mẹ́fà kò tíì gbàgbé ibi tí ẹsẹ̀ ti ń kọ́. Ẹni tó ti ṣe ọdún mẹ́fà ti gbàgbé.

Dókítà Ìlú Kékeré (Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 8:02 alẹ́)

Ẹ̀yin tí ẹ pé mẹ́sàn-án, ẹ máa dúpẹ́. Ilé ìwòsàn ìjọba kan ní gúúsù Kwara ni mo wà, kò jìnnà sí Òmù-Àrán. Bí aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ bá ti lù, èmi nìkan ni dókítà tó kù nínú ọgbà. Nígbà tí mo dé lẹ́yìn ọdún àgùnbánirọ̀ mi, àwa mẹ́ta tí a jọ jáde ní yunifásítì wà ní ìlú mẹ́ta: èmi níbí, ẹnì kan ní Àjàṣẹ́-Ìpo, ẹnì kẹta lápá Ìgbàjà. A ṣàdéhùn láti máa pe ara wa ní aago mẹ́sàn-án alẹ́ Ọjọ́bọ̀. Nẹ́tíwọ̀kì kì í wọ inú ilé mi, ẹ̀gbẹ́ tánkì omi nìkan ló ti ń mú dáadáa, nítorí náà orí bíríkì méjì ni mo máa ń jókòó sí, ẹ̀fọn a sì máa fi mí ṣe oúnjẹ alẹ́.

Ọ̀rọ̀ Ọjọ́bọ̀ dára, ṣùgbọ́n èyí tó gbà mí kò ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ náà. Obìnrin kan bímọ ní ìdájí Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ibi ọmọ ti jáde, ẹ̀jẹ̀ kò dá. A ti fún un ní oxytocin, oògùn tó ń mú ilé ọmọ sún kì, agbẹ̀bí ń fi ọwọ́ ra ilé ọmọ láti òkè ikùn, omi ń sáré wọ iṣan rẹ̀ lápá méjèèjì, ẹ̀jẹ̀ ṣì ń bọ̀. Mo pe ará Àjàṣẹ́. Kò tù mí nínú rárá. Ó ní, “Tranexamic acid ńkọ́? Aago mélòó ló bímọ?” Mo ti gbàgbé oògùn tó ń dá ẹ̀jẹ̀ dúró yẹn pátápátá. Gíráàmù kan sínú iṣan, díẹ̀díẹ̀, kí wákàtí mẹ́ta lẹ́yìn ìbímọ tó pé: mo mọ̀ ọ́n, mo ti kọ ọ́ nínú ìdánwò rí, ẹ̀rù ló gbé e lọ. Bí mo ṣe fún un tán, ó tún ní, “Àpò ìtọ̀ ńkọ́? Ṣé ó ṣófo?” Kò ṣófo. A fa ìtọ̀ náà jáde, ilé ọmọ sì bẹ̀rẹ̀ sí í le lábẹ́ ọwọ́ agbẹ̀bí, ẹ̀jẹ̀ fà sẹ́yìn. Obìnrin náà gbé ọmọ rẹ̀ lọ sílé lọ́jọ́ kẹrin.

Ìpàdé yín dára. Ṣùgbọ́n ẹ gba nọ́mbà ara yín, kí ẹ sì ṣàdéhùn pé kò sí ẹni tí yóò bínú bí fóònù bá dún láago mẹ́ta òru.

Akọ̀wé Fáìlì (Ọjọ́rú, 10:11 àárọ̀)

Ẹ̀ka tí wọ́n ti ń tọ́jú àkọsílẹ̀ aláìsàn ni mo ti ń ṣiṣẹ́, ọ̀rọ̀ WhatsApp ló mú mi wọlé. Òfin ìlera orílẹ̀-èdè ti ọdún 2014, ní abala 26, sọ pé àṣírí ni ọ̀rọ̀ aláìsàn; òfin ààbò dátà tún dé ní 2023. Mo mọ dókítà kékeré kan tó fi àwòrán ẹ̀dọ̀fóró aláìsàn ránṣẹ́ sí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ kí wọ́n lè bá a wò ó. Kò ṣe é ní ìkà, ìrànlọ́wọ́ ló ń wá. Orúkọ aláìsàn wà ní igun òkè. Kí ilẹ̀ tó ṣú, àwòrán náà ti dé fóònù àbúrò aláìsàn ní Gáà-Akanbí, ẹbí sì gbọ́ àrùn tí ẹ̀gbọ́n wọn kò tíì sọ fún ẹnikẹ́ni.

Ẹ lo WhatsApp fún pàṣípààrọ̀ ọjọ́ iṣẹ́, fún aago ìpàdé, fún ẹni tó máa gbé oúnjẹ wá. Ọ̀rọ̀ aláìsàn, ẹnu ni kí ẹ fi sọ ọ́, láìdárúkọ.

Ẹlẹ́sẹ̀ Kan (Ọjọ́rú, 1:26 ọ̀sán)

Ohun kan tí ẹ kò tíì mẹ́nu bà ni abẹ́rẹ́ tó gún dókítà. Kí ẹ sọ ọ́ ní ìpàdé àkọ́kọ́ pé ẹni tí abẹ́rẹ́ bá gún má bẹ̀rù, ọjọ́ mẹ́ta ló ní láti fi lọ gba oògùn tó ń dènà HIV.

Màmá Nọ́ọ̀sì (Ọjọ́rú, 1:40 ọ̀sán)

Rárá o, ọmọ mi, má sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ fún wọn. Wákàtí 72 ni òpin rẹ̀, òpin kì í sì í ṣe àkókò tí a ń dúró dè. Bí abẹ́rẹ́ bá gún ọ, fi omi àti ọṣẹ fọ ojú ibẹ̀, má ṣe tẹ̀ ẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ máa jáde, kó o sì lọ gba oògùn náà lójú ẹsẹ̀, láàárín wákàtí díẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ òru. Ọjọ́ 28 ni wọn yóò fi lò ó. Ẹ bi ara yín bákan náà bóyá ẹ ti gba abẹ́rẹ́ àjẹsára àrùn ẹ̀dọ̀ ti B pé, lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Ọ̀pọ̀ yín gba ẹyọ kan nígbà tí ẹ wà nílé ìwé, ẹ sì gbàgbé méjì.

Òótọ́ Korò (Ọjọ́rú, 9:33 alẹ́)

Ọ̀rọ̀ Dókítà Ìlú Kékeré ti mú mi rọ̀ díẹ̀, ṣùgbọ́n n kò tíì kúrò nídìí oorun. Bí ẹ bá máa ṣe ìpàdé dandan, ẹ fi fífa iṣẹ́ lé ara yín lọ́wọ́ ṣáájú. Ìwádìí kan jáde ní 2014, ilé ìwòsàn ọmọdé mẹ́sàn-án ló kópa nínú rẹ̀: wọ́n kọ́ àwọn dókítà tó ń kọ́ṣẹ́ ní ọ̀nà kan náà tí gbogbo wọn yóò máa fi fa aláìsàn lé ara wọn lọ́wọ́, àṣìṣe sì fi ìdá 23 nínú ọgọ́rùn-ún dín kù. Ta ló le jù, kí ni àìsàn rẹ̀, kí ló kù láti ṣe, kí ni kí n ṣe bó bá yí padà lóru, kí ẹni tó ń gbà á sì tún un sọ padà. Ẹni tó mọ̀ pé òun fa aláìsàn òun lé ẹni tó gbọ́ ọ lọ́wọ́ lè sùn bó bá délé.

Ẹ tún dá àjọ sílẹ̀ fún ẹni tí owó oṣù rẹ̀ kò tíì dé.

Baba Ìbejì Tánkẹ̀ (Ọjọ́rú, 9:58 alẹ́)

Mo fara mọ́ ti fífa iṣẹ́ lé ara ẹni lọ́wọ́. Ti àjọ, ẹ má dán an wò. Mo ti rí i tí ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá náírà tú ẹgbẹ́ ká. Ẹ dá oúnjẹ jọ, oúnjẹ kì í ní gbèsè.

Ọmọ Ọlálọmí (Ọjọ́ Ẹtì, ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà, 7:20 alẹ́)

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo yín, tàgbà tèwe. A ti ṣe é lẹ́ẹ̀mejì, lẹ́yìn ìrun Màgàríbà lọ́jọ́ Ọjọ́bọ̀, lábẹ́ igi dóńgóyárò kan lẹ́yìn ilé tí a ń gbé. Àwa mẹ́fà la wá lákọ̀ọ́kọ́, àwọn mẹ́ta wà lẹ́nu iṣẹ́. A jẹ ìrẹsì àti ẹ̀wà. Ẹnì kan sùn láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, a kò sì jí i. Nígbà tó jí, ohun tó kù nínú kúlà ló kọ́kọ́ béèrè. Òótọ́ Korò, mo ka wákàtí mi, ó lé ní ọgọ́rùn-ún. A ti kọ̀wé sí ẹgbẹ́ ARD.

Ìpàdé kejì ni mo fẹ́ sọ. Ẹni tí mo bá lórí àtẹ̀gùn lọ́jọ́sí, tí kò sọ ohunkóhun ní ìpàdé àkọ́kọ́, ló mú ìwé tí a fi ń béèrè ẹ̀jẹ̀ jáde, ó ní kí ẹnì kan jọ̀wọ́ fi han òun bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́, nítorí gbogbo ìgbà ni wọ́n ń dá òun padà. A kó tiwa jọ, a wò ó. Àwa mẹ́rin la kì í kọ nọ́mbà fáìlì aláìsàn sára ìgò ẹ̀jẹ̀. Orúkọ nìkan la máa ń kọ. Orúkọ kan náà lè wà lára ọmọ mẹ́ta nínú wọ́ọ̀dù kan, nítorí náà wọn kì í gba irú ìgò bẹ́ẹ̀. Kò sí ẹni tó sọ ọ́ fún wa rí, wọn a kàn ní kí a lọ gba òmíràn wá.

Ìgbà náà ni mo mọ ìdí tí mo fi sáré lọ lẹ́ẹ̀mejì lóru Ọjọ́rú yẹn. Mo wo ilẹ̀. Ẹnikẹ́ni kò sọ pé kò kàn mí, ẹnikẹ́ni kò sì sọ pé ó kàn mí. Ẹni orí àtẹ̀gùn yẹn sún àga rẹ̀ mọ́ tèmi. Nígbà tó yá, ẹnì kan fa ìgò kan tó ṣófo yọ, a sì kọ gbogbo ohun tó yẹ sí i lára, a yà á sórí ìwé ńlá, ó ti wà lára ògiri yàrá ìsinmi àwọn dókítà báyìí.

Ìbéèrè kan ló kù. Ọ̀gá tó rẹ́rìn-ín lọ́jọ́sí rí ìwé náà lára ògiri. Ó dúró pẹ́ níbẹ̀. Lánàá ló bi mí pé ọjọ́ wo la máa ń jókòó. N kò tíì dá a lóhùn.

Màmá Nọ́ọ̀sì (Ọjọ́ Ẹtì, 7:41 alẹ́)

Sọ fún un pé Ọjọ́bọ̀ ni, lẹ́yìn Màgàríbà, kó sì mú wàrà dání.

Baba Ìbejì Tánkẹ̀ (Ọjọ́ Ẹtì, 7:55 alẹ́)

Kó gbé wàrà náà kalẹ̀ lẹ́bàá igi, kó sì padà sílé.

Ọmọ Ìgbómìnà Lókè Òkun (Ọjọ́ Ẹtì, 8:30 alẹ́)

Baba Ìbejì, ẹ jẹ́ kí ọkùnrin náà jókòó.